“Má Ṣí I” àti “Má Tú U”: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹ̀rọ Amúnáwá ní PK12

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àìmọye ìgbà ni mo ti pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, n kò sì mọ̀ pé èmi gan-an ni yóò padà wá bá wí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ èdè. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo sì ti jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan ṣoṣo, èyí tí gbogbo ọmọdé mọ̀, ni mo lò lọ́nà òdì nínú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, ó sì ku díẹ̀ kí ó ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní jàǹbá níṣojú mi. Mo rí i pé ó yẹ kí n sọ ìtàn náà fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí iṣẹ́ gbogbo wa ni ó kàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, mo lọ kí àbúrò mi tí ó ń gbé ní PK12, ní Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gàbọ̀n. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè máa ṣe kàyéfì nípa orúkọ àdúgbò náà. Láti inú èdè Faransé ni PK ti wá, ohun tí ó sì dúró fún ni àmì tí a fi ń ka kìlómítà lójú títì. Bí ènìyàn bá ti àárín ìlú gba ọ̀nà tí ó lọ sí Ntoum àti Kango jáde, iye kìlómítà ni wọ́n fi ń pe àwọn àdúgbò tí yóò máa bá pàdé: PK5, PK8, PK12, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé ni èdè ìjọba níbẹ̀. Fang, Punu, Nzebi àti Myene sì wà lára èdè àwọn onílẹ̀. Láàárín wọn ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ lọ ti ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹja inú yìnyín ni àbúrò mi ń tà. Fìríísà ńláńlá wà nínú ilé ìtajà rẹ̀, iná ìlú kì í sì í dúró pẹ́, nítorí náà ó ra ẹ̀rọ amúnáwá kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 60 kVA. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rọ náà ti ń rùn bí ẹni pé wáyà ń jóná nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wúwo, bí ohùn ẹni tí ẹrù pá lórí. Síbẹ̀, pátákó tí ń fi iye iná hàn lójú ẹ̀rọ kò sọ pé ohunkóhun ń ṣe é. Àbúrò mi bá ránṣẹ́ pe ọ̀gá oníná kan.

Ọmọ Kétu ni ọ̀gá yìí. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ìjọba Gàbọ̀n lé kúrò ní ìlú ní ọdún 1978. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ ní Kùtọnu kí ó tó padà sí Libreville. Ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, Yorùbá ni ó sì fi ń kọ́ wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yá lò wá láti inú Faransé: ohun tí àwa ará Nàìjíríà ń pè ní kọ́ráǹtì, kúráǹ ni òun ń pè é. Ṣùgbọ́n gírámà rẹ̀, òwe rẹ̀ àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni.

Ìdí tí mo fi fẹ́ rí ọ̀gá yìí ju ti ẹ̀rọ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan nílé ti bẹ̀ mí pé kí n túmọ̀ ìlànà ààbò fún àwọn tí ń kọ́ bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe. Mo ti parí ìtumọ̀ náà, ojú ewé méjì péré ni, mo sì mú un dání láti fi hàn án. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú iṣẹ́, mo fi ìwé náà rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí wọ́n bí sí Libreville. Ọ̀gá kò ráyè kà á. Ọmọ náà kà á.

Kí ẹni tí kì í ṣe oníná tó lè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó di dandan kí n ṣàlàyé ohun kékeré kan tí ó wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní current transformer. Àwọn tí wọ́n fi Faransé kọ́ṣẹ́ ń pè é ní TI. Òrùka ni ọ̀gá yìí àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ó rí roboto, ó sì ní ihò láàárín bí òrùka. Wáyà ńlá tí ń gbé iná láti inú ẹ̀rọ lọ sínú ilé a gba inú ihò náà kọjá láìfara kàn án. Irin ni ó wà nínú òrùka, wáyà bàbà tín-ín-rín ni a sì wé mọ́ irin náà lára lọ́pọ̀ ìgbà. Bí iná bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú wáyà ńlá, agbára òòfà rẹ̀ a máa wọ inú irin, òun ni yóò sì bí iná kékeré sínú wáyà tín-ín-rín. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí ni Michael Faraday fi hàn ní ọdún 1831. Òrùka tí a bá kọ 100/5 sí lára, bí 100 áńpìà bá gba inú ihò rẹ̀ kọjá, 5 áńpìà ni yóò gbé jáde. Pátákó yóò wá sọ iye náà di ìlọ́po 20, yóò sì fi 100 hàn wá. Láti ara òrùka ni pátákó ti ń mọ̀ bí ẹrù bá ti pọ̀ jù, kí ó lè pa ẹ̀rọ kí ó tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ àbúrò mi ní òrùka mẹ́ta, ọ̀kan fún ojú iná kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n òrùka ní èèwọ̀ kan. Nígbà tí iná bá ń kọjá nínú ihò rẹ̀, a kò gbọdọ̀ já wáyà tín-ín-rín rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀nà iná kékeré náà bá gé, kò sí ohun tí yóò dín agbára òòfà inú irin náà kù mọ́, fóólítì ẹnu wáyà yóò sì ru sókè lójijì. Ó lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún; ti òrùka ńlá a sì máa kọjá ẹgbẹ̀rún. Ó lè gbá ènìyàn, ó lè dáná, ó sì lè ba òrùka náà jẹ́ pátápátá. Ìdí nìyí tí ìwé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì fi kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ “open” ọ̀nà iná òrùka nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Èmi náà jókòó, mo ronú, mo sì kọ ọ́ báyìí: “Má ṣe ṣí ọ̀nà iná òrùka nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.”

Ẹ jẹ́ kí á padà sídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá tan ẹ̀rọ, ó sì jẹ́ kí gbogbo fìríísà máa ṣiṣẹ́. Ó ka ojú pátákó: 60 áńpìà ní ojú iná kìíní, 48 ní ìkejì, 58 ní ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni ó mú mítà ẹlẹ́nu gbàǹgbà tí ń gbá wáyà mú láìtú u, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹ́ńsì, ó sì fi wọn àwọn wáyà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkíní jẹ́ 60, ìkẹta jẹ́ 58, ṣùgbọ́n ìkejì jẹ́ 96. Gbogbo wa wo ara wa lójú, nítorí agbára ẹ̀rọ 60 kVA tí fóólítì rẹ̀ jẹ́ 400 kò ju bí 87 áńpìà lọ ní ojú iná kan. Ojú iná kejì ti ń ru ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, pátákó sì ń sọ pé ẹrù tirẹ̀ ni ó fúyẹ́ jù. Ohun tí ó wá burú jù níbẹ̀ ni pé àbúrò mi ti gba ọ̀rọ̀ pátákó gbọ́. Nítorí pé iye ojú iná kejì ni ó kéré jù, ibẹ̀ ni ó ń so gbogbo fìríísà tuntun mọ́.

Ọ̀gá wá sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó fi pẹ́ńsì kékeré wọn wáyà tín-ín-rín òrùka kejì. Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n dípò pẹ́ńsì, súkúrùdíráfà ni ó mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè tí ó di wáyà náà mú. Ẹ̀rọ ń dún, iná ń kọjá. Kí n tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ọ̀gá ti gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn, ó sì nawọ́ pa ẹ̀rọ. Kẹ́kẹ́ pa.

Ọ̀gá bi í léèrè pé, “Ta ni ó kọ́ ọ ní irú èyí? Ṣé n kò ti sọ fún ọ pé òrùka kì í lanu sílẹ̀ bí iná bá ń kọjá nínú rẹ̀?”

Ọmọ náà ti ń gbọ̀n. Ó wojú mi, ó wolẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ìwé Bàbá ni mo kà. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣí ọ̀nà iná òrùka nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Mo wá rí i pé ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀, iná ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní kí n tì í ná kí á tó fọwọ́ kàn án ni.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti dúró níwájú àwọn tí ń yẹ iṣẹ́ ìwádìí wò, mo ti gba ìbéèrè tí ó mú ènìyàn làágùn. Kò sí èyí tí ó mú mi dákẹ́ bí ìdáhùn ọmọ yìí. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ọ̀nà tí ó gbà ka ìwé mi. Yorùbá tí ó yè kooro ni ó kà á sí. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, ènìyàn yóò kọjá. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi, omi yóò máa ṣàn. Àwọn mìíràn láàárín wa tilẹ̀ máa ń sọ pé kí á ṣí rédíò, ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni kí ó máa sọ̀rọ̀. Nínú èdè wa, ohun tí ó bá ṣí ti gba ìkọjá láàyè. Èyí tí a bá tì ni nǹkan kò lè gbà kọjá mọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iná. Ọ̀nà iná tí ó bá ṣí lójú wọn dà bí afárá tí a gbé agbede rẹ̀ kúrò: iná kò lè kọjá. Àwòrán ọkàn tiwọn ni mo gbé wọ aṣọ Yorùbá. Ọmọ náà ṣe ohun tí mo kọ. Ohun tí mo kọ ni kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn.

Nígbà tí ara balẹ̀, ọ̀gá ka ojú ewé méjèèjì ní ìdúró. Ó fi pẹ̀lẹ́ dá a padà fún mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi Yorùbá kọ.” Mo bi í pé kí ni òun ì bá kọ. Kò ronú rárá kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Má ṣe tú wáyà òrùka nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Kò tán? Ohun tí a so ni à ń tú.”

So àti tú. Ẹni tí ó ń sin ewúrẹ́ mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó ń di ẹrù mọ̀ wọ́n. Wọn kò ní ojú méjì nídìí iná. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń kọ́ni nípa ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìtumọ̀ wọn tako ara wọn, tí so àti tú sì wà lára àpẹẹrẹ mi! Wọ́n wà lẹ́nu mi, n kò rántí mú wọn, nítorí ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń wò nígbà tí mo ń kọ tèmi.

Iṣẹ́ ń bá a lọ, mo sì fara balẹ̀ wò ó bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá tún ẹ̀rọ tan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fi pẹ́ńsì gbá wáyà tín-ín-rín òrùka kejì mú láìtú ohunkóhun. Ó jẹ́ 2.4 áńpìà. Ó bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó pín 96 sí ọ̀nà 2.4. Ọmọ náà ṣírò rẹ̀, ó ní 40 ni. Ó bi í pé mélòó ni ó yẹ kí ó jẹ́ bí òrùka bá jẹ́ 100/5. Ọmọ náà ní 20. Àwọ̀n epo àti eruku ti bo ara òrùka náà; nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì nù ún, a rí i pé 200/5 ni wọ́n kọ sí i. Ẹnìkan ti pààrọ̀ òrùka àtijọ́ rí, ó sì fi èyí tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ́pò. Pátákó kò mọ̀; ìlọ́po 20 ni ó ń ṣe, ìdajì òtítọ́ ni ó sì ń sọ fún wa.

Kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n tú orí bátìrì kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tan ẹ̀rọ. Wọ́n sàmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà òrùka kúrò lára pátákó, ọ̀gá fi mítà wò ó bóyá wáyà inú òrùka já: kò já. Ó fi ẹ̀rọ tí ń fi 500 fóólítì dán ìbora wáyà wò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ń jò bọ́ sára irin: kò jò. Mo bi í pé èwo wá ni ẹ̀bi òrùka náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ara rẹ̀ le, Ẹ̀gbọ́n. Kò kàn yẹ níbi tí wọ́n fi í sí ni.”

Òrùka tuntun tí wọ́n fi sí i bá àwọn méjì yòókù dọ́gba: 100/5 ni, ẹrù tí ó lè gbé àti bí ìwọn rẹ̀ ṣe péye kò sì yàtọ̀ sí tiwọn. Wọ́n kọjú ẹ̀gbẹ́ tí a kọ P1 sí lára sí ibi tí àwọn yòókù kọjú sí. Wọ́n so S1 àti S2 sí ipò tiwọn, nítorí bí wọ́n bá yí padà, pátákó yóò rò pé iná ń padà bọ̀ wá sínú ẹ̀rọ. Wọ́n rí i dájú pé wáyà tí ó so òrùka mọ́ ilẹ̀ wà ní ibi kan ṣoṣo. Wọ́n sì pín àwọn fìríísà sí ojú iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, pátákó sọ pé 72, 70, 72. Pẹ́ńsì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe ọ̀kan, ohùn ẹ̀rọ sì rọ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ nípa òrùka kò kúrò lọ́kàn mi. Bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ tuntun wò ní yàrá ìpàdé kò ju ìyẹ̀wò méjì àkọ́kọ́ lọ. À ń wò ó bóyá ó já: ṣé ó bá gírámà mu? À ń wò ó bóyá ó jò: ṣé kò forí gbárí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn? “Ṣí” yege nínú méjèèjì. Ibi tí ó ti kùnà ni ibi tí ẹrù wà, ní ọwọ́ ọmọ tí ó gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni a kì í sábà dé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí mo ṣì ń tún ìwé mi ṣe, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wa, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022, èyí tí ó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni inú wa bàjẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. A rántí iṣẹ́ tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. A rántí ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, èyí tí a ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ jà fún èdè wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: bí irú ìwé tí mo kọ bá pa ọmọ ènìyàn lára, kí ni a ó fi dá àwọn tí ń sọ pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ lóhùn? Èdè náà gbé e. Ọ̀gá oníná ọmọ Kétu ń fi gbé e lójoojúmọ́ ní ìlú tí kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé ni n kò lọ bi í kí n tó kọ̀wé.

Nítorí náà, mo ti yí iṣẹ́ tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ jókòó sí ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ náà, kí ó kọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò sílẹ̀ kí ó tó kọ ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọwọ́ ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, kí ó ka ohun tí ó kọ fún ọmọ iṣẹ́ kan, kí ó ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ ṣàpẹẹrẹ ohun tí ó gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa. Bí ọwọ́ ọmọ bá yà sí ibòmíràn, ìwé ni kí a tún kọ, kí a má ṣe nà án.

Mo ṣe èyí fúnra mi kí n tó kúrò ní PK12. Mo tún gbólóhùn náà kọ, mo ka á fún ọmọkùnrin ọjọ́sí nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa: “Má ṣe tú wáyà òrùka nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.” Mo bi í pé kí ni yóò ṣe. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, “N óò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá, títí a ó fi pa ẹ̀rọ.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo tọrọ rẹ̀.